Orúkọ Kan Ṣoṣo Lórí Ìwé Ìdìbò: Bí Obama Ṣe Di Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Illinois

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1996, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat tó ń gbé ní ìhà gúúsù ìlú Chicago jáde lọ ṣe ìdìbò abẹ́lé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọn yóò ti yan ẹni tó máa ṣojú wọn ní ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Illinois, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀: Barack Obama. Ènìyàn 16,279 ló dìbò fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ dìbò fún un, kò sí ẹlòmíràn tó lè dìbò fún.

Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, ènìyàn márùn-ún ló gbé ìwé wá pé àwọn ń du ipò náà. Ẹni tó wà lórí àga gan-an wà lára wọn. Ibi tí àwọn mẹ́rin yòókù gbà lọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Obama tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2009 kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ló sì rántí Obama tó sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ Democrat ní Boston ní 2004 tí àtẹ́wọ́ sọ bí òjò. Ọdún mẹ́jọ tó fi ṣe aṣòfin ìpínlẹ̀, láti oṣù Kíní 1997 títí di oṣù Kọkànlá 2004, ni àwọn ènìyàn máa ń ṣí kọjá bí ojú ìwé tí kò ní àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni kó lọ wò. Ohun tó máa kọ́kọ́ hàn sí i ni pé ọjọ́ ìdìbò kọ́ ni iṣẹ́ wà. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn tó ń yẹ ìwé wò ti ṣe tiwọn, àwọn tó ń fa ààlà ẹkùn ìdìbò ti ṣe tiwọn, ẹgbẹ́ tó ni ilé aṣòfin lọ́wọ́ sì ti pinnu ẹni tí àbádòfin rẹ̀ máa rí ojú ọ̀run.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ la ohun kan yé ara wa, nítorí ọ̀rọ̀ "sẹ́nétọ̀" lè ṣi ọmọ Nàìjíríà lọ́nà. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Àbújá ni sẹ́nétọ̀ ń jókòó sí, ilé kan ṣoṣo ló sì wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ti Èkó ní ọmọ ilé 40, ti Ọ̀yọ́ ní 32. Ní Illinois, ilé méjì ni ìpínlẹ̀ nìkan ní, ó dá yàtọ̀ sí méjì tó wà ní Washington. Aṣojú 118 ló wà nínú ilé kékeré, sẹ́nétọ̀ 59 wà nínú ilé àgbà, Springfield tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ náà ni gbogbo wọn ti ń pàdé, ó sì tó nǹkan bí 320 kìlómítà sí Chicago. Iṣẹ́ aṣòfin yìí kò gba gbogbo ọdún. Obama ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Chicago nígbà tó fi wà níbẹ̀, ó sì tún ń ṣe agbẹjọ́rò.

Kì í ṣe ọmọ Chicago. Ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 1985 láti kó àwọn ará àdúgbò jọ, kí wọ́n lè máa béèrè ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ ìjọba. Ó lọ kọ́ òfin ní Harvard láti 1988 sí 1991, ó sì padà wá. Ní 1992, ó darí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Project Vote, èyí tó forúkọ àwọn olùdìbò tuntun tó ju 100,000 lọ sílẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Kí òǹkàwé fi ètò yìí sọ́kàn, nítorí ìwé orúkọ olùdìbò máa tó wọ ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Alice Palmer ni sẹ́nétọ̀ ẹkùn kẹtàlá nígbà náà, obìnrin ọ̀mọ̀wé tí àwọn ará àdúgbò Hyde Park àti agbègbè rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún. Ní oṣù Kẹjọ 1995, ilé ẹjọ́ dá Mel Reynolds lẹ́bi. Òun ló ń ṣojú apá kan gúúsù Chicago ní Washington, ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì tójú bọ́ ló sì kó bá a. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Palmer ti sọ ṣáájú ìdájọ́ náà pé òun ń lọ du àga Reynolds. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hyde Park, òun gan-an ló dìde tó fi Obama han àwọn ènìyàn pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló yẹ kó gbapò òun ní Springfield.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ ká ní Palmer wọlé. Kò wọlé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, Jesse Jackson kékeré, ọmọ oníwàásù tí gbogbo ayé mọ̀, ló borí. Emil Jones, olórí àwọn Democrat ní ilé àgbà Springfield, ṣe ipò kejì. Palmer ṣe ipò kẹta. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ wá bá Obama pé kó jọ̀wọ́ àga fún àgbà, kó dúró de ìgbà tirẹ̀. Obama ní òun ti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, òun ti rin àdúgbò, àti pé Palmer ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní padà wá bí òun bá fìdí rẹmi. Ó kọ̀ jálẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, wọn ì bá ti fi ojú aláìgbọ́ràn wò ó. Ní Chicago náà, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n jọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú fi ojú yẹn wò ó.

Palmer bá ní òun náà á dije. Ibi tí ìwé ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí.

Ní Illinois, ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí ìwé ìdìbò abẹ́lé kò ní ra fọ́ọ̀mù olówó gọbọi lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ìbuwọ́lù ló máa kó jọ. Iye tí òfin béèrè fún ipò yìí lọ́dún náà jẹ́ 757, ẹni tó bá máa fọwọ́ sí i sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tó sì ń gbé nínú ẹkùn náà gan-an. Ẹni tó gbé ìwé kiri ojúlé sí ojúlé náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, kó sì búra pé ojú òun ni wọ́n ṣe é. Ní oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ń gba àwọn ìwé yìí. Obama kó tirẹ̀ wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìbuwọ́lù tó wà níbẹ̀ ju 3,000 lọ. Palmer kó tirẹ̀ dé ní ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, pẹ̀lú 1,580 tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi eré sísá kó jọ.

Lójú ẹni tí kò mọ Chicago, 1,580 ju 757 lọ ní ìlọ́po méjì, ẹ̀rù kò yẹ kó bà á. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí ẹnikẹ́ni tako ìbuwọ́lù olùdíje mìíràn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì ọdún 1996, àwọn ènìyàn Obama wọ ilé iṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò ìlú náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ wé orúkọ. Ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì òpópónà tó jẹ́ ààlà ẹkùn, wọ́n fagi lé e. Ẹni tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti buwọ́ lù ú bó ṣe wà nínú ìwé olùdìbò, wọ́n fagi lé e. Níbi tí ẹni tó gbé ìwé kiri kò ti kún ojú òṣùwọ̀n, gbogbo ìwé tó gbé kiri ló bá a lọ. Lásìkò kan náà, ìlú Chicago ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nínú ìwé olùdìbò pé wọn kò yẹ níbẹ̀ mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé olùdíje láìmọ̀ pé òun kì í ṣe olùdìbò mọ́.

Ọkùnrin tó lo ọdún 1992 láti kó orúkọ wọ inú ìwé olùdìbò wá ń fi ìwé olùdìbò kan náà yọ àwọn tó ń bá a du ipò. Kì í ṣe Palmer nìkan ni wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò. Marc Ewell mú ìbuwọ́lù 1,286 wá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ tán, ó kù 86 kó tó pé. Gha-is Askia mú 1,899 wá, ó kù 69. Ẹni kẹrin, Ulmer Lynch, kò là á já. Palmer rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò ní oṣù Kíní kan náà.

Ṣé ó tọ́? Kò rú òfin kankan. Àwọn olóṣèlú Chicago ti ń fi irú ìtakò yìí gba ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́ kí Obama tó mọ ọ̀nà ìlú náà, àwọn agbẹjọ́rò kan sì wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n yẹ ìbuwọ́lù wò lọ. Obama fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ro ó dáadáa, pé ẹni tí kò bá lè ṣe ohun tí òfin sọ kò yẹ lórí ìwé. Àwíjàre yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ dìbò fún Palmer ní ẹkùn kẹtàlá lọ́dún náà kò rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà lórí ìwé pélébé kan.

Kí ọmọ Nàìjíríà má tíì rẹ́rìn-ín. Níbí, ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ fa olùdíje kalẹ̀, kò sí àyè fún ẹni tó bá fẹ́ dá dúró. Nígbà tí ìdìbò 2023 ń bọ̀, mílíọ̀nù méjì náírà ni ẹgbẹ́ APC ń ta fọ́ọ̀mù fún ẹni tó fẹ́ wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì ló ní ẹ̀ṣọ́. Ní Chicago, àkókò àti ẹsẹ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ń béèrè. Níbí, àpò ni.

Ìdìbò gbogbogbòò ti oṣù Kọkànlá 1996 kò le rárá. Ẹkùn tí Democrat ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Obama ní ìbò 48,592, ìyẹn ìdá 82 nínú 100. David Whitehead ti ẹgbẹ́ Harold Washington ní 7,461, Rosette Caldwell Peyton ti Republican ní 3,091. Wọ́n búra fún un ní oṣù Kíní 1997.

Ó dé Springfield, ó rí i pé àga kì í ṣe agbára. Republican ló ni ilé àgbà, James "Pate" Philip sì ni ààrẹ ilé. Bí ẹgbẹ́ tó kéré bá gbé àbádòfin wá, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kan wà tí wọ́n máa ń tì í sí, ó sì lè má jáde níbẹ̀ mọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Rickey Hendon àti Donne Trotter, àwọn méjèèjì láti Chicago, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Harvard tó wá kọ́ àwọn ní ìṣèlú ni. Nígbà tó gbé àbádòfin rẹ̀ àkọ́kọ́ wá, Hendon dìde ní gbangba, ó ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀.

Ohun tí Obama ṣe ni pé ó lọ bá àwọn tí kò jọ ọ́ ṣọ̀rẹ́. Terry Link, sẹ́nétọ̀ láti ìgbèríko àríwá Chicago, ní ilé kan ní Springfield tí wọ́n ti máa ń ta tẹ́tẹ́ káàdì lálẹ́. Àwọn aṣòfin Democrat àti Republican jọ ń wá, àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ ńlá sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba náà ń wá. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ta á. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta á sọ pé Obama kì í fi owó rẹ̀ ṣeré: bí káàdì ọwọ́ rẹ̀ kò bá dára, ó máa jù ú sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ní 1998, Emil Jones gbé àbádòfin kan lé e lọ́wọ́, èyí tó ní kí olóṣèlú má fi owó ìpolongo ṣe bùkátà ara rẹ̀ mọ́, kó sì dín ẹ̀bùn tó lè gbà kù. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, nítorí àwọn ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ó kọjá, ó sì di òfin.

Ohun kan tún wà nípa bí wọ́n ṣe ń dìbò nínú ilé náà tí àwọn alátakò Obama fi gbógun tì í lẹ́yìn ọ̀la. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà níwájú sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan: ewé fún bẹ́ẹ̀ ni, pupa fún bẹ́ẹ̀ kọ́, àti òféèfèé tó túmọ̀ sí pé "mo wà níbí". Nínú ìbò bí 4,000 tí Obama dì, ìgbà 129 ló tẹ òféèfèé. Àwọn tó bá a du ipò ààrẹ ní 2008 sọ pé ojo ni. Ṣùgbọ́n ní Illinois, àbádòfin kò lè kọjá àyàfi bí ọgbọ̀n nínú àwọn 59 bá tẹ ewé, yálà wọ́n wá tàbí wọn kò wá. Nítorí náà òféèfèé kò yàtọ̀ sí pupa bó bá di ká ka ìbò. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé alátakò kò ní lè fi tẹ̀ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀ rọrùn nígbà ìpolongo. Ẹgbẹ́ máa ń pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà mìíràn, Obama náà sì máa ń dá a ṣe nígbà mìíràn. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe ojo. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹni tó ń wo ipò mìíràn lókèèrè ni.

Ọdún méjì péré ló lò kó tó tún padà síwájú olùdìbò. Ìwé òfin Illinois pín ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín ìkànìyàn kan sí òmíràn sí ọ̀nà mẹ́ta fún sẹ́nétọ̀: ọdún mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì àti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ibi tí ọdún méjì yẹn bọ́ sí yàtọ̀ láti ẹkùn sí ẹkùn, kí gbogbo àga má baà máa ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ẹkùn kẹtàlá, láti 1996 sí 1998 ló bọ́ sí. Ní 1998, kò sí ẹni tó bá Obama díje nínú ẹgbẹ́, ó sì ní ìdá 89 nínú 100 ní ìdìbò gbogbogbòò, nígbà tí Yesse Yehudah ti Republican ní 11. Àga náà di tirẹ̀ títí di 2002.

Ètò ọdún yìí ló fún un láyè láti ta ayò kan láìsí pé ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2000, ó lọ du àga Bobby Rush ní Washington. Rush jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹ̀ka Black Panther sílẹ̀ ní Illinois nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti wà ní Washington láti 1993. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ du ipò olórí ìlú Chicago ní 1999, Richard Daley sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Obama rò pé ó ti rọ.

Kò rọ. Ní oṣù Kẹwàá 1999, wọ́n yìnbọn pa ọmọkùnrin Rush, àánú rẹ̀ sì ṣe gbogbo ìlú. Ní oṣù Kejìlá, gómìnà George Ryan pe àwọn aṣòfin padà sí Springfield láti dìbò lórí òfin ìbọn. Obama wà ní Hawaii lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ọmọ rẹ̀ Malia ń ṣàìsàn, kò sì wá. Àbádòfin náà ṣubú, ìwé ìròyìn sì lù ú bí ẹni lu bàtá. Rush àti Trotter, tí òun náà wà nínú ìdíje náà, ń sọ fún àwọn olùdìbò pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ara wa, pé ọmọ Harvard ni. Bill Clinton, tó ṣì jẹ́ ààrẹ, gba ohùn sílẹ̀ fún Rush. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ní oṣù Kẹta, Rush ní ìdá 61, Obama ní 30. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, ó wọ bàálù lọ sí ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ Democrat ní Los Angeles. Ó fẹ́ háyà ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní káàdì owó rẹ̀ kò gbà.

Ṣùgbọ́n sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ni. Ẹnikẹ́ni kò gba àga rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2000, ó di dandan kí wọ́n fa ààlà gbogbo ẹkùn tuntun. Ní Illinois, àwọn aṣòfin ló ń fà á fúnra wọn. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ á gbà á, mẹ́rin láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn yẹn náà bá tún pín sí méjì, wọ́n á ju orúkọ méjì, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sínú nǹkan, wọ́n á sì fa ọ̀kan yọ kó wá ṣe ẹni kẹsàn-án. Àwọn tó kọ ìwé òfin náà ní 1970 rò pé ẹ̀rù irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ á mú kí ẹgbẹ́ méjèèjì gbà fún ara wọn. Wọ́n ṣì wọ́n rò. Ní 1981, ní 1991 àti ní 2001, orí tẹ́tẹ́ ni ọ̀rọ̀ já sí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2001, akọ̀wé ìpínlẹ̀ Jesse White ti ọwọ́ bọ inú fìlà gíga kan, irú èyí tí Abraham Lincoln máa ń dé, ó sì fa orúkọ Michael Bilandic yọ. Democrat ni. Bí wọ́n ṣe fi ìfà kan pinnu ẹgbẹ́ tó máa fa ààlà Illinois fún ọdún mẹ́wàá nìyẹn.

Obama ti jókòó ti ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ààlà fún ẹgbẹ́ Democrat ní Springfield kí fìlà náà tó jáde. Ẹkùn rẹ̀ àtijọ́ gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí àwọn àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí. Ti tuntun ò fi Hyde Park sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba etí adágún Michigan lọ sókè, ó la àárín ìlú kọjá, ó wọ Gold Coast níbi tí àwọn olówó Chicago ń gbé. Aláwọ̀ dúdú ṣì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó wọlé tuntun ni ó yàtọ̀: àwọn òyìnbó ọlọ́rọ̀, àwọn Júù, àwọn tó lè kọ sọ̀wédowó fún ìpolongo ipò tó ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń sọ pé olùdìbò ló ń yan aṣòfin. Lọ́dún yẹn, aṣòfin ló yan olùdìbò, ó sì mọ àwọn tó yàn. Èmi rò pé kò sí ìpinnu kan ní ọdún mẹ́jọ náà tó ṣe é lóore tó èyí.

Ní 2002, kò sí ẹni tó bá a díje nínú ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó bá a díje ní ìdìbò gbogbogbòò. Ó ní ìbò 48,717. Lọ́jọ́ kan náà, Democrat gba ilé àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́wàá, Emil Jones sì di ààrẹ ilé ní oṣù Kíní 2003.

Jones ló sọ ohun tó tẹ̀ lé e fún àwọn oníròyìn. Obama wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní Jones ti di alágbára báyìí, pé ó lè sọ ènìyàn di sẹ́nétọ̀ ní Washington. Jones béèrè ẹni náà. Obama ní òun ni. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àbádòfin tó lórúkọ ti ń bọ́ sí ọwọ́ Obama. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Hendon wà lára wọn, kùn pé àwọn ti ń ru ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó gbé e fún ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò parọ́. Bí ilé aṣòfin ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ tó ṣe lórí wọn kì í ṣe kékeré, bó ti wù kí wọ́n dé ọwọ́ rẹ̀. Láti 1977 tí Illinois ti dá ìjìyà ikú padà sí ọdún 2000, ènìyàn méjìlá ni wọ́n pa, mẹ́tàlá sì ni wọ́n tú sílẹ̀ kúrò lábẹ́ ìdájọ́ ikú nígbà tó hàn pé wọn kò jẹ̀bi. Nítorí èyí ni gómìnà Ryan fi dá ìpànìyàn lábẹ́ òfin dúró ní ọdún 2000. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dá lórí pé ọlọ́pàá fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí wọn. Obama gbé àbádòfin wá pé kí wọ́n máa gba ohùn tàbí àwòrán gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Àwọn ọlọ́pàá takò ó, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba takò ó. Ó lọ bá wọn jókòó, ó gbọ́ tiwọn, ó tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, títí tí kò fi sí sẹ́nétọ̀ kan tó dìbò tako ó. Illinois di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi òfin ilé aṣòfin pa á láṣẹ. Lọ́dún kan náà ni òfin mìíràn jáde pé kí ọlọ́pàá máa kọ ẹ̀yà ẹnikẹ́ni tó bá dá dúró nínú ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó lè hàn bóyá àwọ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dá ènìyàn dúró.

Ọdún méjì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ni ilé lọ́wọ́ mú èso wá ju ọdún mẹ́fà tó ṣáájú lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni kan náà ni, òye kan náà ló ní. Ní oṣù Kẹta 2004, ó ní ìdá 53 nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat fún sẹ́nétọ̀ Washington, nínú olùdíje méje, Dan Hynes tó tẹ̀ lé e ní 24. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, ó sọ̀rọ̀ ní Boston, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ni nígbà náà. Ní oṣù Kọkànlá, ó fi ìdá 70 sí 27 na Alan Keyes, ẹni tí Republican gbé wá láti Maryland nígbà tí olùdíje wọn àkọ́kọ́ já sílẹ̀.

Alice Palmer kò gbàgbé. Nígbà tí Obama ń du ipò ààrẹ ní 2008, Hillary Clinton ló tì lẹ́yìn.

Obama kọ̀wé fi àga Springfield sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 2004. Ní Nàìjíríà, àjọ INEC ì bá ṣe àtúndì ìbò sí àyè rẹ̀. Ní Illinois, òfin fi í sílẹ̀ fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Democrat láti wọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹkùn náà, àwọn ló sì jókòó mú Kwame Raoul, agbẹjọ́rò tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Haiti. Olùdìbò kankan kò dá sí i. Raoul lo ọdún mẹ́rìnlá lórí àga náà, ní 2018 sì ni gbogbo ìpínlẹ̀ Illinois dìbò yàn án ní agbẹjọ́rò àgbà.